ÀKỌSÍLẸ̀ ÌPÈ: BÍ ILÉ-IṢẸ́ TẸLIFÓÒNÙ ṢE Ń MỌ OWÓ TÍ A Ó SAN

Wọ́n ní kí n kọ díẹ̀ nípa ohun kan tó kan gbogbo wa lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí a kì í rí: bí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ṣe ń mọ iye tí yóò yọ nínú owó wa nígbàkúùgbà tí a bá pe ènìyàn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà n ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ara mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003, ìyàwó mi ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn ní Borokiri níbí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí nígbà náà kò ní gbàgbé: tábìlì kékeré kan, àga onírọ́bà méjì tàbí mẹ́ta, agboòrùn ńlá, fóònù kan, àti ìwé tí a fi ń kọ ìpè sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti ìlú wa ló ń bá a jókòó ti tábìlì náà. Bí oníbàárà bá parí ọ̀rọ̀, ọmọ náà á kọ nọ́ńbà tí ó pè, ìṣẹ́jú tí ó lò àti owó tí ó san. Bó bá di alẹ́, ìyàwó mi á ṣírò ohun tó wà nínú ìwé, á sì wo owó tó wà nínú agolo.

Nígbà tó yá, ìṣirò kò bára mu mọ́. Káàdì tí a fi sínú fóònù ń tán kí owó rẹ̀ tó pé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kìíní, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ìyàwó mi ní ọmọ náà ń jí ìpè lò nígbà tí òun bá lọ sí ọjà Creek Road. Ọmọ náà búra, ó sunkún, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? A ti ń múra láti dá a padà fún àwọn òbí rẹ̀ tòun ti orúkọ olè lórí. Àbúrò mi kan ló wá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe lọ gba àkọsílẹ̀ ìpè ní ọ́fíìsì wọn kí ẹ tó ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́?” Mo lọ. Ohun tí mo rí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi, n ó sọ ọ́ níparí. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní àkọsílẹ̀ ìpè àti bí ó ṣe dé.

NÍGBÀ TÍ ÈNÌYÀN Ń FI ỌWỌ́ KỌ Ọ́

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ bá ará ìlú mìíràn sọ̀rọ̀ kò lè tẹ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ni yóò bá a so wáyà pọ̀. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ti lọ jókòó dúró de ìpè Èkó tàbí Ìbàdàn ní ọ́fíìsì P&T mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ìpè bá ti wọlé, òṣìṣẹ́ náà á kọ tíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan: nọ́ńbà ẹni tó pè, nọ́ńbà ẹni tí wọ́n pè, àsìkò tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ àti àsìkò tó parí. Láti inú tíkẹ́ẹ̀tì yìí ni akọ̀wé á ti ṣírò owó. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe ìpè ọ̀nà jíjìn káàkiri ayé.

Tíkẹ́ẹ̀tì yìí ni bàbá ńlá gbogbo àkọsílẹ̀ ìpè. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé kò yàtọ̀ sí ìwé tó wà lábẹ́ agboòrùn ìyàwó mi.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Almon Strowger, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìsìnkú ní Kansas City, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba ní 1891 lórí ẹ̀rọ tó ń so ìpè pọ̀ láìsí òṣìṣẹ́ láàárín. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó fura sí àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù pé wọ́n ń darí àwọn oníbàárà òun sọ́dọ̀ asìnkú mìíràn. Ẹ̀rọ rẹ̀ tàn káàkiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣìṣẹ́ kúrò láàárín, ta ni yóò máa kọ tíkẹ́ẹ̀tì?

MÍTÀ MỌ IYE, KÒ MỌ ẸNI TÍ A PÈ

Mítà ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Nínú ilé ẹ̀rọ tẹlifóònù, wáyà oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní mítà kékeré tirẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á máa ta mítà náà, nọ́ńbà ojú rẹ̀ á sì máa gòkè. Bí ibi tí a pè bá jìnnà, á máa ta á léraléra. Bó bá wà nítòsí, á máa ta á díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì tẹ nọ́ńbà láti Bristol sí Edinburgh ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 1958, láti fi ṣí ètò ìpè ọ̀nà jíjìn tí kò gba ọwọ́ òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú mítà báyìí ni wọ́n fi ń ṣírò owó àwọn oníbàárà.

Bí òpin oṣù bá dé, wọn á ka mítà. Ká ní ó wà ní 4,521 lóṣù tó kọjá, tó sì di 4,873 lóṣù yìí: ó ti gòkè ní ìgbà 352. Wọn á fi iye owó ìgbà kan ṣe ìlọ́po rẹ̀, wọn á sì fi bíìlì ránṣẹ́.

Níbí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí mítà iná ilé wa. Ó lè sọ iye iná tí a lò, kò lè sọ bóyá áyọ́ọ̀nù ló lò ó tàbí fíríìjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni mítà tẹlifóònù rí. Ó mọ̀ pé ó gòkè ní ìgbà 352, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí a pè, kò mọ ọjọ́ tí a pè é, kò sì mọ̀ bóyá àwa la pe ìpè náà tàbí ẹni tó lọ so wáyà tirẹ̀ mọ́ wáyà wa lórí òpó. Bí oníbàárà bá ní, “Èmi kọ́ ni mo lo gbogbo èyí,” kò sí ìwé tí àwọn méjèèjì lè jọ wò. Ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ nìkan ló kù, àti ọ̀rọ̀ mítà.

Ẹni tó bá ti lo tẹlifóònù ilé lórílẹ̀-èdè wa ní ọdún 1980 sí 1999 mọ ìtumọ̀ èyí. Ní 1985 ni ìjọba so ẹ̀ka tẹlifóònù P&T pọ̀ mọ́ NET, tó ń bójú tó ìpè òkè òkun, tí ó di NITEL. Ní 1999, àwọn wáyà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 500,000, bẹ́ẹ̀ ni àwa ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà 084 nínú ilé ní Port Harcourt, ènìyàn pàtàkì ni. Bí bíìlì bá dé, ẹ̀rù a sì máa ba ènìyàn pàtàkì náà.

BÍ ẸRỌ ṢE KỌ́ ÌWÉ KÍKỌ

Àwọn ará Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi lè kọ tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ní 1948, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Media ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ilé-iṣẹ́ Bell gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó ń lu ihò sára bébà gígùn bí ìpè bá ti ń lọ. Ó ń lu ihò lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ìpè kan: nígbà tí oníbàárà bá tẹ nọ́ńbà, nígbà tí ẹni tí a pè bá gbé fóònù, àti nígbà tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè lẹ́ẹ̀kan náà, ihò ìpè kan lè fọ́n ká láàárín ti àwọn ẹlòmíràn lórí bébà. Ẹ̀rọ mìíràn ni yóò wá ṣà wọ́n jọ, tí yóò sì so ìbẹ̀rẹ̀ ìpè mọ́ òpin rẹ̀.

Ohun mẹ́ta tí bébà yẹn ń ṣe náà ni kọ̀ǹpútà ń ṣe lónìí. Bébà ló kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ náà kò yí padà.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÀKỌSÍLẸ̀ KAN

GSM dé sí wa lọ́dún 2001, lẹ́yìn tí Àjọ tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, NCC, ta ìwé àṣẹ ní oṣù kìíní ọdún náà ní mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Port Harcourt wà lára àwọn ìlú tí MTN kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú Èkó àti Àbújá.

Ká ní ẹ dúró ní Borokiri, ẹ sì pe ẹ̀gbọ́n yín ní Òṣogbo. Kí ìpè náà tó parí, ẹ̀rọ ìsopọ̀ ti ń kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀:

1. Nọ́ńbà yín, àti nọ́ńbà tí ẹ pè.
2. Ọjọ́ àti àsìkò tí ẹ̀gbọ́n gbé fóònù.
3. Iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ fi sọ̀rọ̀.
4. Nọ́ńbà síìmù yín, àti nọ́ńbà ara fóònù fúnra rẹ̀, èyí tí ẹ ó rí bí ẹ bá tẹ *#06#.
5. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbé ìpè yín.
6. Irú ìpè tó jẹ́: ìpè lásán, àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí dátà, sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín tàbí sí òmíràn.
7. Bí ìpè ṣe parí: ṣé ẹ gbé e sílẹ̀ ni, ṣé owó tán ni, tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.
8. Nọ́ńbà ẹ̀yìn àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀, bí nọ́ńbà orí rìsíìtì.

Ẹ ṣàkíyèsí ìkejì. Ìgbà tí fóònù bá ń dún kọ́ ni owó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ẹni tí a pè bá gbé e ni. Ìdí nìyí tí a fi ń fi fóònù “fláàṣì” ara wa lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ̀rọ rí ìpè náà, ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí ẹni tó gbé e, ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀ jẹ́ òdo. Bẹ́ẹ̀ náà, bí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ bá gba ìpè nítorí pé ẹni tí ẹ pè kò sí nítòsí, ẹnìkan ti gbé e nìyẹn lójú ẹ̀rọ. Owó á bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ìkẹjọ pẹ̀lú. Bí nọ́ńbà bá fò, àkọsílẹ̀ kan ti sọnù, ilé-iṣẹ́ á sì pàdánù owó. Bí nọ́ńbà kan náà bá wá lẹ́ẹ̀mejì, ìpè kan fẹ́ di méjì, oníbàárà ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ìpè tó gùn gan-an, wọ́n máa ń kọ ọ́ ní àbala àbala, wọn á sì tò ó pọ̀ lẹ́yìn náà. Nítorí náà ni iṣẹ́ fi wà fún kọ̀ǹpútà tó ń gba àkọsílẹ̀ láti gbogbo ẹ̀rọ ìsopọ̀, tó ń yọ èyí tó wá lẹ́ẹ̀mejì kúrò, tó sì ń to èyí tó fọ́n ká.

Ohun kan wà tí kò sí nínú rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí a sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àkọsílẹ̀ ìpè ni ohùn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀. Rárá. Ó mọ̀ pé ẹ pe Òṣogbo fún ìṣẹ́jú méje. Kò mọ̀ bóyá ìkíni lẹ kí tàbí ìjà lẹ jà.

BÍ ÀKỌSÍLẸ̀ ṢE Ń DI OWÓ

Ọ̀nà méjì ni. Ẹni tó ń lo fóònù kó tó sanwó, irú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á máa kó jọ títí òpin oṣù, kọ̀ǹpútà á sì fi iye owó ìpè kọ̀ọ̀kan sí i, á tẹ bíìlì jáde.

Àwa tí à ń ra káàdì tàbí tí à ń fi owó sórí fóònù láti báńkì, tiwa yàtọ̀. Wọn kò lè dúró de òpin oṣù, nítorí pé owó wa ti lè tán. Bí a bá tẹ nọ́ńbà, ẹ̀rọ ìsopọ̀ á kọ́kọ́ bi kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú owó wa pé, “Ṣé ẹni yìí lówó?” Kọ̀ǹpútà á ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀, á ní, “Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ mọ níwọ̀n báyìí.” Bí ìwọ̀n yẹn bá fẹ́ tán, ẹ̀rọ á tún béèrè. Bí kò bá sí owó mọ́, ìpè á já, àní bí a bá wà láàárín gbólóhùn. Bí a bá sì gbé fóònù sílẹ̀ kí ìwọ̀n tó tán, owó tó ṣẹ́ kù á padà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, àkọsílẹ̀ á ṣì wà, kí ilé-iṣẹ́ lè fi hàn pé ohun tí òun yọ tọ́.

Aago gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ bára mu. Bí owó ìpè òru bá dín sí ti ọ̀sán, tí aago ẹ̀rọ kan sì lọ́ra, oníbàárà tó dúró di òru kó tó pè á san owó ọ̀sán láìmọ̀.

ÌṢẸ́JÚ TÀBÍ ÌṢẸ́JÚ ÀÁYÁ?

Àkọsílẹ̀ ń ka ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ló ń pinnu bí yóò ṣe sọ ọ́ di owó. Nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, odidi ìṣẹ́jú ni wọ́n ń gba owó lé lórí. Ká ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ ₦50. Bí a bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ìṣẹ́jú méjì ni wọn á kà, ₦100. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ń kà, ₦54 àti kọ́bọ̀ 17 ni owó náà. Ìpè kan náà ni, àkọsílẹ̀ kan náà ni, owó rẹ̀ ló di méjì.

Glo ló mú ìṣirò ìṣẹ́jú àáyá wọlé nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà pa fóònù wọn láti fi hàn pé owó ìpè ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń sọ pé a kò lè ṣe nǹkan kan, kí ó rántí ọdún yẹn.

NÍGBÀ TÍ ÌPÈ BÁ KỌJÁ LÁTI NẸ́TÍWỌ́Ọ̀KÌ KAN SÍ ÒMÍRÀN

Bí ẹ bá pe ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, ilé-iṣẹ́ tiyín gbọ́dọ̀ san owó díẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó gba ìpè náà wọlé. NCC ló ń fi òǹtẹ̀ lu iye rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì ló ń kọ ìpè náà sílẹ̀, wọn á sì fi ìwé wéra. Bí ìyàtọ̀ bá wà, wọn á wá ìdí rẹ̀. Ẹ wò ó: àwọn gan-an kò gba ara wọn gbọ́ láìsí ìwé.

Ẹ ti rí i rí pé ọmọ yín pè láti London, ṣùgbọ́n nọ́ńbà Nàìjíríà ló yọ lójú fóònù. Ohun tó ń fa èyí ni pé àwọn kan ń lo àpótí tó kún fún síìmù láti fi gba ìpè òkè òkun wọlé bí ẹni pé ìpè abẹ́lé ni, kí wọ́n má bàa san owó tó yẹ. Àkọsílẹ̀ ìpè ló ń tú wọn fó. Síìmù tó ń pe ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lójúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í pè, tí kì í kúrò lábẹ́ òpó kan tọ̀sán tòru, èwo ni ti ọmọ ènìyàn níbẹ̀? Ènìyàn á lọ sọ́jà, á lọ sílé, á gba ìpè ìyá rẹ̀.

DÁTÀ ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ dátà ló ń fa ẹjọ́ jù lóde òní. Ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n dípò ìṣẹ́jú àáyá, ìwọ̀n ohun tó wọlé àti ohun tó jáde ni ẹ̀rọ ń kà. Fóònù òde òní ò sì mọ sísùn. Bí a bá gbé e sínú àpò, ó ṣì ń gba àwòrán WhatsApp, ó ń tún àwọn ètò inú rẹ̀ ṣe, ó ń kó fọ́tò lọ síbi ìpamọ́. Ẹ̀rọ tó ń kà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àti èyí tí fóònù dá ṣe. Bí owó ìpè àti ti dátà ti gbówó lórí sí i lẹ́yìn tí NCC fọwọ́ sí àfikún tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kìíní ọdún 2025, ó yẹ kí á kọ́ bí a ti ń pa àwọn nǹkan wọ̀nyí kí á tó sùn.

ÀKỌSÍLẸ̀ GẸ́GẸ́ BÍ ẸLẸ́RÌÍ

Àkọsílẹ̀ tó ń sọ owó yìí lè sọ nǹkan mìíràn. Ó ń sọ ẹni tí a mọ̀, ìgbà tí a bá a sọ̀rọ̀ àti òpó tí a wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ni ọlọ́pàá fi ń wá a bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 sọ pé kí ilé-iṣẹ́ tọ́jú irú àkọsílẹ̀ yìí fún ọdún méjì. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, sọ bí ilé-ẹjọ́ ṣe lè gba ìwé tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣì í lò. Òpó ló ń sọ, kì í ṣe ojúlé. Àwa tí à ń gbé etí omi ní Borokiri mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kò dá omi mọ̀: fóònù wa lè gba òpó tó wà ní òdìkejì omi nígbà tí a jókòó sílé wa. Bákan náà, síìmù ló pè; àkọsílẹ̀ kò rí ọwọ́ tó mú fóònù. Ẹni tó bá yá ẹlòmíràn ní síìmù tí a fi orúkọ rẹ̀ àti NIN rẹ̀ sí, orúkọ ara rẹ̀ ló yá a.

Ẹ̀tọ́ wa sì wà níbẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, abala 37, dáàbò bo àṣírí ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù wa. Òfin ìdáàbòbo ìsọfúnni ti ọdún 2023 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ sílẹ̀ nípa wa. Àkọsílẹ̀ ìpè yín, ẹ̀yin lè béèrè rẹ̀. Ọkọ yín, ìyàwó yín tàbí ọ̀gá yín kò lè kàn lọ gbà á nítorí pé ó mọ òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Bí owó yín bá lọ tí ẹ kò mọ ọ̀nà tó gbà lọ:

1. Ẹ wo owó tó kù nípa títẹ *310#, àti dátà tó kù nípa títẹ *323#. Nọ́ńbà kan náà ni lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì báyìí. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti àsìkò.
2. Ẹ rántí bóyá ẹ yá owó lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá ti fi owó tuntun sí i, wọn á kọ́kọ́ yọ gbèsè.
3. Ẹ wò ó bóyá ètò kan wà tó ń yọ owó fúnra rẹ̀: orin fóònù, ìròyìn bọ́ọ̀lù, ìwàásù òwúrọ̀. Ẹ lè fi STOP ránṣẹ́ sí 305. Ẹ bi àwọn ọmọ tó ń fi fóònù yín ṣeré pẹ̀lú.
4. Bí kò bá tíì yé yín, ẹ pe ilé-iṣẹ́ yín lórí 300. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì béèrè àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí owó lọ.
5. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ pe NCC lórí 622. Ọ̀fẹ́ ni. Wọn á béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn tí ẹ gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ kẹrin.

OHUN TÍ MO RÍ NÍ ỌDÚN 2003

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ náà jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, a gbé ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi sí ẹ̀gbẹ́ ìwé abẹ́ agboòrùn, a sì ń kà wọ́n ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé tiwa, ọjọ́ kan ní ìpè 24, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé tiwọn, ìpè 24 náà ni. Nọ́ńbà bá nọ́ńbà mu. Kò sí ìpè ìkọ̀kọ̀ kan ṣoṣo.

Àmọ́ ìṣẹ́jú 31 ni wọ́n gba owó rẹ̀. Nínú àwọn ìpè náà, méje ló fi díẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú kan: ìṣẹ́jú àáyá méjì, mẹ́rin, méje. Ilé-iṣẹ́ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ìṣẹ́jú méjì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà. Oníbàárà á sì máa bẹ ọmọ náà pé, “Àǹtí, díẹ̀ ló fi lé, ẹ jọ̀ọ́.” Ó ń dárí jì wọ́n, ó ń gba owó ìṣẹ́jú kan. Àánú ṣíṣe ni a fẹ́ pè ní olè jíjà.

Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó bu oúnjẹ fún ọmọ náà, ó sì bẹ̀ ẹ́ níṣojú mi. Láti ọjọ́ kejì, bí ìpè bá ti fẹ́ pé ìṣẹ́jú kan, ọmọ náà á fi ọwọ́ kan tábìlì kí oníbàárà lè mọ̀. Ọmọ yẹn ti di ìyá ọmọ lónìí. Títí di òní ló ń pe ìyàwó mi ní màmá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nítorí èyí ni mo ṣe gbà láti kọ ìwé yìí. Láyé mítà, kò bá ti sí ohun tó lè gba ọmọ náà sílẹ̀, nítorí pé mítà kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àkọsílẹ̀ ló gbà á. Bí owó bá sọnù lórí fóònù yín, kí ẹ tó bínú sí ọmọ ọ̀dọ̀, sí ọkọ, sí aya, tàbí sí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ béèrè ìwé. Ìwé lè dá ilé-iṣẹ́ lẹ́bi, ó lè dá yín lẹ́bi, ó sì lè dá aláìṣẹ̀ sílẹ̀. A kì í dájọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹnìkejì, àkọsílẹ̀ ìpè náà sì lẹ́nu tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀.